Ọsàn Wẹ́wẹ́ Ìyá Sìmbíátù Nínú Iyanrìn Ajah

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, nígbà tí kùrukùru òkun ṣì ń wọ inú ẹ̀sítéètì bí aṣọ funfun tí ẹnìkan ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, Ràhmát Dúródọlá a máa jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Addo, ní Ajah, a máa po yẹ̀pẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rán an. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, èbúté ńlá tí ó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹkí ni ó ń lọ, níbi tí ó ti ń yẹ ìwé ẹrù wò kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wọn jáde. Gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ló ní nọ́ńbà: àpótí ẹrù ní nọ́ńbà, ọkọ̀ ní nọ́ńbà, ẹnu ọ̀nà pàápàá ní nọ́ńbà. Yẹ̀pẹ̀ kò ní. Rírọ̀ ni ó ń rọ̀ lábẹ́ ìka, tí ó ń tutù, tí ó ń rùn bí òjò àná. Bí ó bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọkàn rẹ̀ á lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kì í mọ orúkọ rẹ̀.

Obìnrin tí ó fẹ́ràn ètò ni. Báfù rẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìdérí wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti pẹ́ títí òórùn rẹ̀ fi lọ wà nínú ọ̀kan. Fọ́nrán èèpo àgbọn wà nínú òmíràn. Èèpo ẹyin tí ó sá lóòrùn tí ó sì gún kúnná wà nínú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eérú sì wà nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ní Ikate ni ó ti ń gba eérú náà. Iyanrìn nìkan ni kò ní báfù, nítorí ibi tí ó jókòó sí náà ni ó ti ń bù ú. Irà ni gbogbo ẹ̀sítéètì náà nígbà kan rí, kí ẹ̀rọ ńlá tó fa iyanrìn jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, tí wọ́n fi dí i. Iyanrìn funfun ni, ikarahun wíwẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀, tí kò ju èékánná ọmọ tuntun lọ. Ràhmát a máa bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a máa wò ó títí yóò fi gbàgbé ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

"Ìyá Azeezat," Fàtíù ọkọ rẹ̀ á pè é láti ojú fèrèsé òkè, "ṣé àkàrà lo fẹ́ din ni? O ti ń po nǹkan yẹn láti ìgbà tí mo ti jí."

"Bàbá Azeezat, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sùn. Tí tòmátì bá so, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń já a."

Òótọ́ ni. Tòmátì rẹ̀ ń so. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ ń hù. Àwọn aládùúgbò a máa wá tọrọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ìkòkò òdòdó wọn. Nítorí náà ni kò fi ṣiyèméjì nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lọ́wọ́.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ìyá Sìmbíátù ń gbé, òun nìkan, nínú ilé tí ó ti ṣe ògì tà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìbàdí tó dá a dúró. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹnìkan fi gbọ́ igbe rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ràhmát ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bọ̀ wá gbé ní Ajah, tí ìyá sì ń kọ̀.

"Ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi," ni ó máa ń wí. "Kí ni kí n máa wò níbẹ̀? Géètì?"

Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò kéré sí ti Ràhmát. Ọdún tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí ni ìyá gbin hóró rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Nígbà tí Ràhmát lọ kí i fún Iléyá, ó gbé agolo náà fún un, irúgbìn kékeré tí ó ní ẹ̀gún wà nínú rẹ̀.

"Gbé e lọ," ni ìyá wí. "Tí ó bá lè gbé ní Ajah yín, èmi náà á gbé ibẹ̀. Tí ó bá kú, ẹ má pè mí mọ́. Kí Ọlọ́run wá bá mi níbí."

Ràhmát mọ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó tún ń kó o jẹ. Ó gbé agolo náà sórí itan láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ajah, ó fi ọwọ́ dáàbò bo ewé rẹ̀ nígbàkígbà tí Fàtíù bá já sí kòtò, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni ó gbé sórí itan.

Ó po yẹ̀pẹ̀ tí ó dára jù lọ tí ó ti pò rí fún un, ó sì gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá pe fóònù, kò ní dúró kí wọ́n kí i.

"Ọsàn mi ńkọ́?"

"Ó wà, Ìyá. Ó ti yọ ewé."

Ó yọ ewé lóòótọ́. Àmọ́ kí ọyẹ́ tó dé, ewé náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kì í ṣe pípọ́n ti ewé tí ó gbó. Ara ewé ni ó ń di yẹ́lò, tí iṣan rẹ̀ sì wà ní àwọ̀ ewé, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àwòrán àwọn odò tí ènìyàn ń wò láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ràhmát rò pé yẹ̀pẹ̀ náà ti kan ni. Ó ti gbọ́ pé ìgbẹ́ adìyẹ máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ kan, àti pé eérú ló ń pa kíkan. Ó bu eérú sí i. Nígbà tí kò yí padà, ó bu èèpo ẹyin sí i. Ewé tuntun yọ, ó sì funfun bí ẹ̀kọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ràhmát wà níbi iṣẹ́, ìyá pe fóònù Fàtíù. Fàtíù sọ fún un pé ewé ń pọ́n. Nígbà tí Ràhmát dé, ó jíṣẹ́ fún un:

"Ìyá ní kí a máa fún un ní omi dídùn."

Kò sí ẹni tí ń gbé ní Lẹkí àti Ajah tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Omi tí wọ́n ń fà láti inú ilẹ̀ ẹ̀sítéètì náà ní iyọ̀ nínú. Ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀, ojú funfun ló ń fi sílẹ̀ nídìí kẹ́tùlù. Omi dídùn ni omi tí ọkọ̀ táńkà ń gbé wá, tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ràhmát fi ọwọ́ gbá iwájú orí.

"Ẹ wo ìyá mi! Láti Ìjẹ̀bú ló ti mọ̀ pé omi iyọ̀ ni mò ń fún un!"

Láti ọjọ́ náà ni ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń mu omi táńkà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Fàtíù wí bí ó ti ń jáde láti balùwẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń yún un. "Èmi olórí ilé ń fi omi iyọ̀ wẹ̀. Ọsàn ń mu omi táńkà. Tí mo bá tún ayé wá, inú ìkòkò amọ̀ ni màá gbé."

Etí ewé tí ó ń jó tẹ́lẹ̀ kò jó mọ́. Àmọ́ pípọ́n kò dúró. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdánì sì ti wọlé, ìyá sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ kí Ràhmát gbádùn ìṣínu rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

"Tí a bá ti jẹ Ìtúnu tán, mò ń bọ̀ wá wò ó fúnra mi."

Fàtíù ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn méjèèjì ń rò. "Àwọn tó ń ta òdòdó létí ọ̀nà ní ọsàn wẹ́wẹ́ tó ga tó báyìí gan-an. Ojú Ìyá kò ríran dáadáa mọ́. Ta ló máa mọ̀?"

 Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí Ràhmát ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta òdòdó náà. Ó rìn láàárín àwọn ewé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin, tí omi ń kán tó, tó, tó sórí ọ̀rá dúdú. Ó rí ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ó gbé e sókè. Ó dára, ó tutù, ewé rẹ̀ ń dán. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ títí ẹni tí ń tà á fi bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ohun tí ó ń rò ni pé, bí èyí bá gbé, èyí ni ó gbé, kì í ṣe ti ìyá. Tí ìyá bá sì torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, a jẹ́ pé irọ́ ni òun fi gbé ìyá wálé. Ó rọra gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó lọ sílé.

Ẹnu géètì ni ó ti pàdé Àǹtí Yẹ́misí. Olúyẹ́misí ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ilé kejì ni ó ń gbé, kẹ́mísírì ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Ràhmát ro ẹjọ́ ọsàn fún un lórí ìdúró, bí ẹni ń ro ẹjọ́ aláìsàn.

"Má wulẹ̀ sunkún lójú pópó," Àǹtí Yẹ́misí wí. "Màá mú ìwé mi wá ní Sátidé."

Ìwé tí ó mú wá kò ju ìka lọ. Ó ní bí a bá tì í bọ omi, àwọ̀ tí ó bá dà ni yóò sọ bí nǹkan náà ṣe kan tó. Bí ó bá pupa, ó kan nìyẹn. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, àárín ni ó wà, kò kan, kò sì dà bí ọṣẹ. Bí ó bá sì di búlúù, ó ti kọjá sí apá ibi tí omi eérú wà, tí ń yọ̀ lọ́wọ́.

"pH ni a máa ń pè é ní kíláàsì," ni ó wí. "Ọsàn fẹ́ kí ilẹ̀ kan, àmọ́ kí ó kan díẹ̀ báyìí."

Wọ́n po yẹ̀pẹ̀ ìdí ọsàn mọ́ omi táńkà nínú ife, wọ́n jẹ́ kí ó silẹ̀. Àǹtí Yẹ́misí ti ìwé bọ̀ ọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà jẹ́jẹ́ bí ojú ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú: àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà búlúù.

"Ṣé o rí i? Kò kan rárá. Apá ọṣẹ ló lọ."

"Kò ṣeé ṣe, Àǹtí. Mo ti bu eérú sí i kí ó má baà kan."

"Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ."

Wọ́n wá ń yẹ ohun tí ó wà nínú àwọn báfù náà wò. Eérú, búlúù. Èèpo ẹyin, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n kan iyanrìn, Ràhmát ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, pé iyanrìn kò lè ṣe nǹkan kan.

"Gbé fínígà wá láti ilé ìdáná," Àǹtí Yẹ́misí wí.

Ó da fínígà, ọtí kíkan náà, sórí iyanrìn funfun náà. Ní ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfófòó wíwẹ́wẹ́ yọ, ó ń dún ṣìì, bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lójú orun. Àwọn obìnrin méjèèjì tẹ orí sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ. Kùrukùru ṣì wà lórí ògiri. Gbogbo ẹ̀sítéètì pa rọ́rọ́.

"Ikarahun ni," Àǹtí Yẹ́misí wí. "Òun àti èèpo ẹyin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ọ̀sà ṣe pọn wọ́n wá ni wọ́n wà. Irin tí ọsàn ń jẹ kí ewé rẹ̀ tó dúdú wà nínú yẹ̀pẹ̀ yìí o, àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti lọ sí apá ọṣẹ, ńṣe ló máa ti irin náà mọ́. Gbòǹgbò á máa fọwọ́ kàn án, kò ní lè mu ún. Tòmátì rẹ lè fara dà á. Ọsàn kò lè fara dà á."

Ràhmát bu iyanrìn náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wo àwọn ikarahun bí èékánná tí ó fẹ́ràn. "Eérú lórí ẹyin, ẹyin lórí ikarahun," ni ó wí. "Ohun kan náà ni mò ń fún un láti ọjọ́ yìí, mo kàn ń pè é ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni."

Àǹtí Yẹ́misí ní kí ó pààrọ̀ yẹ̀pẹ̀ náà, kí ó sì wá imí-ọjọ́ díẹ̀, irú èyí tí àwọn ọlọ́ṣẹ ń tà fún ara yíyún, kí ó pò ó mọ́ ọn. "Àmọ́ kò ní yára. Àwọn ẹ̀dá tí a kò lè fojú rí nínú ilẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ kí ó tó di kíkan. Ohun tí à ń wá báyìí ni kíkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí gbòǹgbò lè mu lónìí. Fínígà le jù, ó lè jó o."

Ibi tí wọ́n ti ń rò ó ni fóònù ti dún. Fàtíù ni ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ti tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú ààwẹ̀ o," Ràhmát wí.

"Ọsàn mi ńkọ́?"

Ó wo Fàtíù. Ó wo ewé. "Ó ń pọ́n, Ìyá. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Ó ń pọ́n gan-an."

 Wọ́n ń gbọ́ adìyẹ tí ń ké ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Omídùn tí mo ní kí ẹ máa fún un ńkọ́?"

"À ń fún un, Ìyá. Omi táńkà tó dáa ni, èyí tí à ń mu."

"Omi kí ni?"

"Omi táńkà. Èyí tí kò ní iyọ̀."

"Ràhmát! Ìwọ tí mo fi ògì tọ́! Omídùn! Omi orí ògì!"

Fàtíù fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà. Omíkan! Omíkan là ń pè é nílé tiwa. Nǹkan tó kan tó báyìí, ta ló ní kí wọ́n máa pè é ní dídùn?"

"Sọ fún ọkọ ẹ pé mò ń gbọ́ ọ."

"Ẹ má bínú, Ìyá wa! Iṣẹ́ ni mo jẹ́, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ló wà nínú rẹ̀."

"Ọmọ tó ń jẹ ògì láìmọ ohun tó ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí mo fún lọ́mọ!"

Àǹtí Yẹ́misí ti di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó ní kí Ràhmát béèrè ohun tí omídùn ń ṣe fún ọsàn.

"Èmi ò mọ̀ o," ìyá wí. "Ìdí igi náà ni mo máa ń dà á nù sí, kí ẹ̀yìnkùlé má baà máa yọ̀. Igi ń so, mò ń dà á lọ. Kí ni mo tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ igi?"

Ọjọ́ náà gan-an ni Ràhmát tú ọsàn jáde. Ó rọra gbọn yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ bí ẹni tí ń tú irun ọmọ. Ó rẹ fọ́nrán àgbọn sínú omi táńkà kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè jáde. Ó kó ewé jíjẹrà láti abẹ́ igi fúrúùtù tí ó wà lẹ́bàá géètì, ó fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ó tọrọ iyanrìn odò, èyí tí ó pọ́n díẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́lé ní òpópónà kejì, ó da fínígà sí i, ó gbé etí sílẹ̀. Iyanrìn náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mọ́ ọn ju orin lọ. Ó wọ́n imí-ọjọ́ ṣín-ún sí i, ó sì pò ó. Ìwé tí ó tì bọ omi rẹ̀ di àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ máa lọ sí yẹ́lò, kíkan díẹ̀ tí wọ́n ń wá, bí èèpo ọsàn tí ó ń pọ́n bọ̀.

Oṣù ààwẹ̀ ni, ògì kò sì wọ́n. Ọ̀dọ̀ Afusat, tí ń ta ògì lójú ọ̀nà Addo, ni Ràhmát ti ń gba omídùn, tí ó ń fi omi táńkà là á kí ó tó bù ú sí ìdí ọsàn. Òórùn rẹ̀ mú un lọ sẹ́yìn jìnnà. Ní àwọn ọ̀sán ààwẹ̀ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, tí ebi ti sọ ara rẹ̀ di fúlẹ́fúlẹ́, a jókòó ti ìkòkò náà, atẹ́gùn òkun a máa fẹ́ sí i, a sì máa rí aṣọ asẹ́ funfun tí ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n, tí omi ń tinú rẹ̀ ṣàn bí wàrà, àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kékeré, nínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ. A lálàá pé gbòǹgbò ọsàn ń rìn lábẹ́ ẹ̀sítéètì, lábẹ́ géètì, lábẹ́ ọ̀sà, tí ó ń wá ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Tí ó bá jí, a wo ewé. Ewé a sì wà bí ó ṣe wà.

Ìtúnu ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí ó tó rí ohun kan lórí ọsàn, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí kò tóbi ju orí kànáfùrù lọ. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó là, ó di ewé. Ewé náà fẹ̀, ó sì dúdú.

Lẹ́yìn Ìtúnu, Fàtíù ni ó lọ gbé ìyá wá. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìyá kò wọlé, kò mu omi. Ó fi ọ̀pá rìn lọ tààrà sẹ́yìn ilé, ó ní kí wọ́n fa ọwọ́ òun dé ibi tí ọsàn wà. Ó tẹ orí mọ́ ọn.

"Ti ìsàlẹ̀ wọ̀nyí pọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Àwọn yẹn kò ní dúdú mọ́. Bí wọ́n ṣe máa wà títí wọ́n á fi já nìyẹn."

"Tòkè ńkọ́?"

"Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n."

Ìyá fi ìka wá a. Ó kan ẹ̀gún, ó ṣe "ṣíọ̀", ó tún wá a. Ó rí ewé tuntun náà, ó ń fi àtàǹpàkò ra á síwá sẹ́yìn, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. 

"Kò tíì gbé," ìyá wí.

Ó tún fi àtàǹpàkò ra ewé náà.

"Ó ń gbé bọ̀ ni. Ó kù díẹ̀." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó yí ojú sí apá ibi tí ó rò pé Fàtíù wà. "Ìwọ ọlọ́mi táńkà. Ta ló ní kí o gbé ìkòkò sí abẹ́ ògiri? Níbo ni oòrùn fẹ́ gbà wọlé síbí?"

"Ìyá wa, ọmọ yín ló gbé e síbẹ̀ o! Èmi wá ń jìyà gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ilé yìí!"

"Bọ́ síbí, kí o bá mi sún un. Ràhmát, báàgì mi wà nínú mọ́tò. Yàrá wo lẹ fún mi?"

"Èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síbí, Ìyá."

"Ó dáa. Gbé e lọ síbẹ̀."

Ràhmát ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé báàgì náà, kò gbé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì. Ó wúwo ju ti ẹni tí ó kàn wá kí ènìyàn lọ. Kò ṣí i, kò sì béèrè nǹkan kan. Ó gbà á mọ́ àyà, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé, tí ìyá ń wí pé kí Fàtíù tún sún un díẹ̀, tí Fàtíù ń wí pé ẹ̀yìn òun ti fẹ́ kán.